Ó tan iná, ó kọjá iná pupa, ó tún pa á: ṣé àṣìlò ni?

Òǹkàwé kan ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo dúró síbi iná pupa lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ọlọ́pàá kan wà lẹ́yìn mi. A ò tíì dúró tó ìṣẹ́jú kan tó fi tan iná orí ọkọ̀ rẹ̀, ó fọn sáírìn lẹ́ẹ̀mejì péré. Èmi àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yà fún un, ó gba àárín wa kọjá, kò tilẹ̀ dẹ eré ní ìkóríta. Bó ṣe ré ìkóríta kọjá báyìí, ó pa gbogbo rẹ̀, ó ń rọra lọ bí ẹni ń nàjú. Nígbà tí iná dá èmi náà sílẹ̀, mo bá ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé oúnjẹ kan. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí èyí, àbí wọ́n kàn ń rẹ́ wa jẹ ni? Ká ní mi ò yà fún un ńkọ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ọlọ́pàá kan máa ń lo iná àti sáírìn nílòkulò. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín, nítorí mo ti jókòó nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ rí lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, bó ti wù kó bí yín nínú tó, kò tó láti fi dá ẹjọ́ náà. Ilé oúnjẹ tó ń dùn yín yẹn gan-an ló kéré jù nínú ẹ̀rí yín. Ohun mìíràn wà nínú ìtàn yín tó kọ mí lóminú jù ú lọ, ẹ sì kàn sọ ọ́ kọjá ni. A máa débẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kíkọ́ àwọn awakọ̀ pàjáwìrì: ọlọ́pàá, panápaná, áńbúláǹsì. Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, tí mò ń fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọlọ́pàá kan tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kí n wọlé kó gbé mi dé ibùdókọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. A dé ibi iná pupa, ọkọ̀ mẹ́ta ló wà níwájú wa. Rédíò dákẹ́, ẹnikẹ́ni ò pè é. Mo rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó kúrò lórí sítíárìn, tó lọ bá bọ́tìnì láìwò ó, bí ìgbà téèyàn fẹ́ họ ara. Iná tàn, sáírìn ké lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọ́n ká. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ gun ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Mo gbọ́ bí abẹ́ rẹ̀ ṣe ha kọnkéré. A kọjá. Ọwọ́ tún lọ, ó pa á. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, iná ibẹ̀ yẹn máa ń pẹ́ jù."

Mo sọ ohun tí mo ní í sọ fún un, a ò sì bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi sọ̀kalẹ̀.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ló ń wakọ̀. Wọ́n pè wá lórí rédíò pé ẹnì kan ń fọ́ fèrèsé ilé lọ́wọ́, onílé sì wà nínú yàrá tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí fóònù. Ó tan iná, ó tan sáírìn. A dé ìkóríta, iná pupa ni. Ó dẹ eré títí ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ó yẹ ọ̀nà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọjá. A ò tíì rìn tó 200 mítà lẹ́yìn rẹ̀ tí rédíò tún fi dún: ọkọ̀ mìíràn ti débẹ̀, ọwọ́ ti tẹ ọmọkùnrin náà, kí àwa má wá mọ́. Ó pa iná, ó pa sáírìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní eré tí òfin fọwọ́ sí. Ó ti lé ní wákàtí méjì tó yẹ ká ti jẹun. Ilé oúnjẹ kan wà lọ́wọ́ òsì, ó yà síbẹ̀. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tó yà fún wa ní ìkóríta ń kọjá lọ. Ìyá tó wà nínú rẹ̀ wò wá láti òkè dé ilẹ̀, ó mi orí. Mo mọ ohun tó ń sọ nínú. Ká ní èmi ni mo wà ní ipò rẹ̀, màá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì ọkọ̀ tirẹ̀ kò lè fi ojú lásán mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ìwà ìbàjẹ́. Iná kan náà ló tàn, iná kan náà ló kú, ọkọ̀ méjèèjì sì rọra lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ wà lórí rédíò, ẹ̀yin ò sì gbọ́ rédíò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kì í ṣe pé wọ́n fagi lé ìpè nìkan ló ń mú kí iná kú lójijì, o. Ìgbà mìíràn wà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́ tó jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ ló bá a mu. Bí adigunjalè bá wà nínú ilé ìtajà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́, ẹ ò ní fẹ́ kó gbọ́ sáírìn láti ọ̀nà jíjìn kó tó mú ẹnì kan mọ́ra bí asà. Bí ọkùnrin kan bá ń lu ìyàwó rẹ̀, tó bá gbọ́ pé ọlọ́pàá ń bọ̀, ó lè fẹ́ parí ohun tó ń ṣe kí wọ́n tó dé. Ẹni tó dúró sétí afárá tó fẹ́ bẹ́ sómi, ariwo yẹn lè jẹ́ ohun tí yóò tì í. Nítorí náà la ṣe máa ń kọ́ wọn pé kí wọ́n fi sáírìn la sún kẹrẹ fà kẹrẹ já, tó bá wá ku òpópónà bíi méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì máa bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó wà ní ìkóríta tó gbẹ̀yìn, àwòrán kan ṣoṣo ló rí: ọlọ́pàá tó fi sáírìn lé òun kúrò lọ́nà, tó sì wá ń rọra rìn. Mi ò dá a lẹ́bi tó bá bú wọn.

Ó tún wà tó jẹ́ pé awakọ̀ kan ló ń tẹ fóònù tàbí tó ń sáré àsápajúdé kọjá ní ọ̀nà kejì. Ọlọ́pàá tó wà láàárín ọkọ̀ tó tò ní láti tan iná kó tó lè jáde nínú ìlà náà lé e. Nígbà tó fi máa la ìkóríta já, ẹyẹ ti fò. Kí ni yóò máa tan iná sí mọ́?

Ní ti òfin, ó yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abala 87 nínú òfin ìdarí ọkọ̀ ọdún 1984 yọ ọlọ́pàá, panápaná àti áńbúláǹsì kúrò lábẹ́ òdiwọ̀n eré, àmọ́ kìkì ìgbà tó bá jẹ́ pé títẹ̀lé òdiwọ̀n náà lè dí iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ náà ṣe lọ́wọ́ ni. Ẹ ṣàkíyèsí pé abala yẹn ò dárúkọ iná tàbí sáírìn. Iṣẹ́ ló ń wò. Iná pupa fún wọn lọ́hùn-ún sì di "fún ẹlòmíràn láyè kóo tó kọjá", kì í ṣe "máa lọ".

Àwọn ará Jámánì fín ọ̀rọ̀ yìí wẹ́wẹ́ ju gbogbo wọn lọ, mo sì fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ṣe é. Nínú ìwé òfin ojú pópó wọn, abala 35 ló sọ ìgbà tí ọlọ́pàá lè yẹ òfin sílẹ̀. Abala 38 ló sọ ìgbà tí ẹ̀yin gbọ́dọ̀ yà fún un. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kí yíyà tó di dandan, iná búlúù àti fèrè gbọ́dọ̀ jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Iná nìkan láìsí fèrè, ìkìlọ̀ lásán ni. Bó bá jẹ́ ọ̀hún ni ẹ wà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi yín ni pé ṣé fèrè ń dún nígbà tó wọ ìkóríta, àbí ó ti dákẹ́.

Ní ìpínlẹ̀ New York, ohun tó máa yà yín lẹ́nu ni. Abala 1104 nínú òfin ọkọ̀ wọn ní kí ọkọ̀ pàjáwìrì fọn sáírìn kó sì tan iná kó tó lè yẹ òfin sílẹ̀, àmọ́ ó yọ ọkọ̀ ọlọ́pàá sọ́tọ̀ nínú àṣẹ yẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pàjáwìrì níbẹ̀ lè dẹ eré, kó wò, kó sì kọjá iná pupa láìtan ohunkóhun. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ìwà àìlófin tó burú jù, òfin ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. California ní tirẹ̀, abala 21057, fi òfin de ọlọ́pàá pé kò gbọdọ̀ fi sáírìn tàbí eré àsápajúdé sin ọkọ̀ ẹnikẹ́ni lọ, àfi láti gba ẹ̀mí là tàbí láti tètè kó àwọn òṣìṣẹ́ àti ohun èlò ìjọba kọjá nígbà ogun tàbí ìgbà tí wàhálà bá dé bá ìlú. Gbajúmọ̀ tó ń sáré bá ọkọ̀ òfuurufú kò sí nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ti wù kí wọ́n yàtọ̀ tó, ohun kan kò yí padà nínú gbogbo òfin wọ̀nyí: bí wọ́n bá tiẹ̀ yọ awakọ̀ kúrò lábẹ́ iná pupa, wọn ò yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ìṣọ́ra. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni pé sáírìn kì í gba ọ̀nà, ó ń tọrọ rẹ̀ ni. Ẹni tó ń tọrọ nǹkan gbọ́dọ̀ dúró wò bóyá wọ́n ti fún un.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ padà sí ìtàn yín. Ẹ ní ó fọn sáírìn lẹ́ẹ̀mejì péré, kò sì dẹ eré ní ìkóríta. Ẹ gbà mí gbọ́, èyí ló burú níbẹ̀, ì báà jẹ́ ilé oúnjẹ ló ń lọ, ì báà jẹ́ ilé tó ń jó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe yẹ kó rí fún yín. Lójú ọ̀nà gbalasa, sáírìn máa ń ké ní ohùn gígùn tó ń rọra gòkè tó ń rọra sọ̀kalẹ̀. Bí ìkóríta bá ń súnmọ́, awakọ̀ á yí i sí ohùn kúkúrú tó ń já lù ara wọn, nítorí pé ìyípadà ohùn ni etí èèyàn máa ń gbọ́, kì í ṣe ariwo tó ti ń dún bọ̀ látẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ á ti kúrò lórí ìtẹ̀sẹ̀ eré, á ti wà lórí bíréèkì. Ọkọ̀ á wọ ìkóríta ní ìwọ̀n ìrìn ẹlẹ́sẹ̀. Á wo ìlà ọkọ̀ àkọ́kọ́ lápá òsì, á wá ojú awakọ̀ tó wà níbẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ gan-an. Bó bá rí i pé ẹni yẹn ti rí òun, á sún síwájú ìwọ̀n ìlà kan. Á dúró. Á wo ìlà kejì. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ga tó dúró fún un lè máa bo ọkọ̀ kékeré tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò mọ ìdí tí akẹ́rù fi dúró, tó sì ń yà á sílẹ̀ lọ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó lóòótọ́, àmọ́ ní ìkóríta, igi náà lè wà lẹ́yìn akẹ́rù.

Ohun kan tí àwọn ará ìta kì í rò ni pé ọkọ̀ pàjáwìrì méjì lè máa lọ síbi iṣẹ́ kan náà láti ọ̀nà méjì, kí wọ́n sì pàdé ní ìkóríta kan. Sáírìn tèmi kò ní jẹ́ kí n gbọ́ tìrẹ, tìrẹ kò sì ní jẹ́ kí o gbọ́ tèmi. Mo mọ awakọ̀ tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan ló yọ ọ́ nínú irú ẹ̀. Ó yẹ kí ẹ rí ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi.

Gbogbo ìdúró-wò-sún yìí máa ń dà bí ìfàsẹ́yìn lójú ọ̀dọ́mọdé ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ibi tó ń lọ bá jìnnà tó kìlómítà 5, tó sì ń rìn ní 50 kìlómítà ní wákàtí, ìṣẹ́jú 6 ni yóò gbà. Bó bá sáré dé 80 láìdúró níbikíbi, ìṣẹ́jú 3 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ò pé ìṣẹ́jú 3. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, ìṣẹ́jú méjì yẹn ni ìyè. Fún àwọn tó ń jà lórí ibi tí wọ́n máa páàkì sí, kò já mọ́ nǹkan kan. Òkodoro ọ̀rọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìpè tí ọlọ́pàá ń jẹ́ kò nílò sáírìn rárá, àwọn fúnra wọn sì mọ̀.

Ní ti eré, ẹ rántí pé ọkọ̀ tó ń lọ ní 100 kìlómítà ní wákàtí ń jẹ mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Awakọ̀ tó ti gíláàsì pa, tí orin ń dún nínú ọkọ̀ rẹ̀, bó bá jẹ́ ìgbà tó ku 60 mítà ló tó gbọ́ sáírìn, ìṣẹ́jú àáyá méjì ló kù fún un láti mọ ibi tí ohùn ti ń bọ̀, láti pinnu, kó sì yà. Kí a má tíì wá sọ ti ẹlẹ́sẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ọlọ́pàá kan ń lọ jẹ́ ìpè nílùú Seattle, ní Amẹ́ríkà. Ìpè gidi ni. Wọ́n ní ẹnì kan lo oògùn olóró àlòjù. Iná orí ọkọ̀ rẹ̀ ń tàn. Àmọ́ kò jẹ́ kí sáírìn máa dún lọ láìdánu dúró, ìkóríta nìkan ló ń fọn ún díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà tí òdiwọ̀n eré rẹ̀ jẹ́ 25 máìlì ní wákàtí, ìyẹn bíi 40 kìlómítà, ló ti sáré dé 74 máìlì, bíi 119 kìlómítà. Ó kọlu ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ ẹni ọdún 23 kan tó ń sọdá lójú ibi ìsọdá ẹlẹ́sẹ̀, ó sì pa á. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kò fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn án, wọ́n bu owó ìtanràn ojú pópó lé e, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá sì lé e lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 2025. Kò sí ilé oúnjẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá ní kí n sọ àṣìlò iná àti sáírìn tó burú jù tí mo mọ̀, ọ̀kan nínú wọn nìyẹn, ẹni tó sì ṣe é ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti tan iná. Ẹni tó bá ti mọ́ lára láti fọn ún lẹ́ẹ̀mejì kó sì já wọ ìkóríta nítorí iná pẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí ìpè gidi bá dé, àfi pé eré rẹ̀ yóò pọ̀ sí i.

Wàyí o, báwo la ṣe ń mọ òótọ́? Àpẹẹrẹ tó dára jù ni ti Florida. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, ọlọ́pàábìnrin ojú pópó kan lé ọkọ̀ kan tó ń sáré 120 máìlì ní wákàtí, ìyẹn bíi 193 kìlómítà, ló bá rí i pé ọkọ̀ ọlọ́pàá Miami ni. Àlàyé ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni pé òun ti ń pẹ́ dé iṣẹ́ mìíràn tí òun ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ ọlọ́pàá. Àwọn oníròyìn Sun Sentinel gbọ́, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òun nìkan ni. Wọn ò lọ lúgọ sẹ́bàá ọ̀nà láti máa ka ọkọ̀. Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ tí àwọn ọkọ̀ ọlọ́pàá fi ń san owó ọ̀nà ni wọ́n béèrè fún. Bí ibi ìsanwó kan bá jìnnà sí èkejì ní kìlómítà 20, tí ẹ̀rọ sì sọ pé ìṣẹ́jú 7 ni ọkọ̀ kan fi rìn ín, kò sí àwáwí: 171 kìlómítà ní wákàtí ló ń sáré. Ọlọ́pàá bíi 800 ni wọ́n rí láàárín oṣù mẹ́tàlá tí wọ́n sáré láti 90 dé 130 máìlì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn ò sì sí lẹ́nu iṣẹ́. Ìròyìn náà gba ẹ̀bùn Pulitzer fún iṣẹ́ ìlú lọ́dún 2013. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń gba ọ̀nà yẹn ti ń fi ojú rí i tí wọ́n ń kùn. Ìṣirò lásán ló wá fọ́ ọ.

Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà fún ọlọ́jọ́ Ẹtì tiyín náà. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ lórí rédíò ń kọ àkókò ìpè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ìgbà tí wọ́n pè é, ìgbà tó jẹ́, ìgbà tí wọ́n fagi lé e. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọlọ́pàá ló ní ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí wọ́n wà àti eré tí wọ́n ń sá. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, títan iná orí ọkọ̀ ló ń jí kámẹ́rà, kámẹ́rà náà á sì tún tọ́jú ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó tan iná nítorí pé kò fẹ́ dúró ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya fídíò ara rẹ̀. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá fẹ́ wò ó, ó wà níbẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni ò bá béèrè, ọ̀gá kì í wò ó.

Ẹ má ṣe fi kún un pé ó tẹ bọ́tìnì kan tó sọ iná pupa di àwọ̀ ewé fún un, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹ̀rọ irú bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ ni Opticom, tó ń ta ìtànṣán sí ohun tó ń gbà á lórí òpó iná. Panápaná àti áńbúláǹsì ló sì sábà máa ń lò ó. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2005 ni ó ti di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin àpapọ̀ kí ẹni tí kò ní àṣẹ máa lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Tiyín kò jọ ọ́: iná ṣì pupa nígbà tó kọjá, ẹ̀yin náà sọ ọ́.

Kì í tún ṣe ọlọ́pàá nìkan ni iná orí ọkọ̀ máa ń gun. Ní Rọ́ṣíà, lọ́dún 2010, inú bí àwọn awakọ̀ sí àwọn aláṣẹ tó ń fi iná búlúù lé wọn kúrò lọ́nà débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé korobá búlúù tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré lérí ọkọ̀ tiwọn. Íńdíà ní tirẹ̀ ní kí àwọn mínísítà àti àwọn ọlọ́lá yọ iná pupa orí ọkọ̀ wọn kúrò láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2017, ó sì fi iná ìkìlọ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ pàjáwìrì.

Ní ti bí ẹ ò bá yà: ẹ máa yà. Ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ pé kíkọ̀ láti yà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì sí adájọ́ tó máa bi yín bóyá ẹ gbà pé ìpè náà jóòótọ́. Ẹ ò lè mọ̀ níbẹ̀, èmi náà ò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe máa yà nìkan ló kù. Ìwé ìlànà ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 219, ní kí ẹ yà láìrú òfin mìíràn àti láìfi ẹnikẹ́ni sínú ewu. Ẹ má ti ìbẹ̀rù sáírìn já wọ ìkóríta lójú iná pupa, ẹ má sì gun orí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà bíi ti ẹni tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá sí àyè, ẹ dúró sójú kan kí ó rí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Awakọ̀ tó gbọ́n yóò wá ọ̀nà tirẹ̀. Sáírìn kò sọ ọ́ di iṣẹ́ yín.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹjọ́ sùn, mo rò pé ó yẹ kí ẹ ṣe é, àmọ́ ẹ yọ ilé oúnjẹ kúrò ní ìlà àkọ́kọ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò, kó súnmọ́ ìṣẹ́jú tó rí gan-an. Ẹ kọ orúkọ ìkóríta, ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ, nọ́ńbà ọkọ̀ tàbí èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé sáírìn dún lẹ́ẹ̀mejì ó sì dákẹ́ kó tó wọ ìkóríta, pé kò dẹ eré, ẹ sì sọ bóyá ẹnì kan ń fẹsẹ̀ sọdá lọ́wọ́. Ilé oúnjẹ lè wá gbẹ̀yìn, ní gbólóhùn kan ṣoṣo, láìbínú. Ẹ fi ránṣẹ́ kíákíá, nítorí fídíò kì í pẹ́ kí wọ́n tó pa á rẹ́ níbòmíràn bí ẹnikẹ́ni ò bá ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀.

Kí ẹ wá ka èsì wọn dáadáa. Bí wọ́n bá sọ irú ìpè tó jẹ́, àkókò tí wọ́n pè é àti àkókò tí wọ́n fagi lé e, ẹ gbà pé wọ́n wò ó. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n kọ ni pé "ọlọ́pàá náà wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àkókò náà", ẹ dá ìwé padà fún wọn, kí ẹ sì tún béèrè ẹyọ ìbéèrè kan: aago mélòó ni wọ́n pè é?